Atọ́ka Màmá Afí

Àwọn ará abúlé wa ti ń sọ ọ́ kí Màmá tó kú, wọ́n sì tún sọ ọ́ lẹ́yìn tí a sin òkú tán: ọwọ́ ara rẹ̀ ni Afí fi pa ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń sọ yẹn ni Yáwò, bàbá mi. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá mi kú. Mo rí ọwọ́ Màmá, mo sì mọ ohun tí ọwọ́ náà ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ mi ní ìtàn ilé wa. Mo fẹ́ sọ irú ẹni tí Màmá jẹ́, kí ẹni tó bá ń wá ẹjọ́ dá lè dá ẹjọ́ odindi ènìyàn, kó má dá ẹjọ́ ọwọ́ kan ṣoṣo.

Màmá ni à ń pe ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa, ní ìgbèríko tó wà láàárín Akparé àti Atakpamé. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, gbogbo abúlé ló ń pè wọ́n ní Màmá, àti àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ pàápàá. Kì í ṣe ìfẹ́ ló fà á, ẹ̀rù ni. Wọ́n ga, wọ́n gbòòrò léjìká, àtẹ́lẹwọ́ wọn sì le bíi pátákó. Bí ọmọ kan bá ń ṣe àṣejù, ìyá rẹ̀ á bi í pé, “Ṣé kí n mú ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ Màmá ni, àbí kí n mú ẹ lọ gba ọwọ́?” Abẹ́rẹ́ ni ọmọ máa ń yàn.

Àwọn másẹ̀ẹ̀, ìyẹn àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, ló tọ́ Màmá dàgbà. Ọ̀dọ̀ wọn ni Màmá ti kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń rán ọgbẹ́ àti bí a ti ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná. Nígbà tí àwọn másẹ̀ẹ̀ kọ́ ilé ìtọ́jú kékeré sí abúlé wa, Màmá ni wọ́n fi síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó lọ, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, bẹ́ǹṣì gígùn kan àti ìwé kan sílẹ̀ fún Màmá. Màmá fi gbogbo rẹ̀ jọba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àkàkpó, torí òun ló ń pariwo jù nínú àwọn tó ń pe Màmá ní apànìyàn.

Àkàkpó ta ìyàwó rẹ̀ nípàá ní ikùn nígbà tó wà nínú oyún. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ń tò lẹ́yìn rẹ̀. Oyún bàjẹ́. Màmá tọ́jú rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ mú ọmọ odó. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé níbo ni. A kàn tẹ̀ lé wọn. Àkàkpó jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń jẹ iṣu sísun. Màmá kò kí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọmọ odó lu apá ọ̀tún rẹ̀, a sì gbọ́ bí eegun náà ṣe ké láti ẹ̀bá ọ̀nà.

Màmá fúnra wọn ló fà á wá sí ilé ìtọ́jú. Wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ìwé jáde, wọ́n ṣí i láti ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka wá eegun apá tó kán, wọ́n rí nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ṣí ojú-ewé náà. Wọ́n la ọparun, wọ́n dì í mọ́ ọn bí ìwé ṣe wí. Àkàkpó ń sunkún bí ọmọdé.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ kán an, ẹ̀yin náà lẹ tún ń dì í!”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Màmá wí. “Gbogbo ohun tí mo bá lè kán, mo mọ ojú-ewé rẹ̀.”

Mo ti sọ pé ẹ̀yìn ni Màmá ti máa ń ṣí ìwé. Ìwé náà nípọn bíi bíríkì, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ní atọ́ka, ìyẹn àwọn ojú-ewé ìkẹyìn tó to orúkọ àìsàn lẹ́sẹẹsẹ láti A dé Z, tí nọ́ńbà ojú-ewé wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń ka ìwé, Màmá ń ka atọ́ka. Wọ́n kọ́ ọ sórí. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn tán, wọ́n á ka atọ́ka náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn kan náà, ìyára kan náà. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ni.

Èmi ń lọ sí lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Atakpamé nígbà náà, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ní ìsinmi kan, ojú obìnrin kan pọ́n, ó ń ṣepin, Màmá sì ní kí n wá ìtọ́jú rẹ̀ nínú ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé kìíní, mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ibi tí màá ti rí ọ̀rọ̀ ojú. Ọwọ́ tó bà mí létí lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀.

“Ṣé títí aláìsàn á fi kú lo máa fi ṣí ìwé ni?” ni wọ́n wí. “Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń wá, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.”

Mo gbà á gbọ́. Ta ló máa bá irú ọwọ́ yẹn jiyàn?

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tún wà tí wọ́n fi àdá ṣá ara wọn nítorí ààlà oko òwú. Etí ẹ̀gbọ́n ti já sílẹ̀ dé ìdajì, èjìká àbúrò sì là débi tí a fi rí funfun eegun. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà, Màmá sì ní kí wọ́n jọ jókòó lé e. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà kan kúrú, ó máa ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ bí ẹni tó jókòó bá yíra padà. Bí ọ̀kan bá mí, bẹ́ǹṣì á mì, ọgbẹ́ èkejì á dùn ún. Màmá ń rán èjìká àbúrò lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n tutọ́ sí i lójú. Màmá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ tó ń fì nínú awọ ara àbúrò, wọ́n yíjú, wọ́n gbá ẹ̀gbọ́n létí tó já gan-an. Ó dákú. Nígbà tó jí, wọ́n ti rán an tán.

“Ẹ̀jẹ̀ yín ti dàpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì mi,” ni Màmá sọ fún wọn. “Kí ẹ lọ wá ẹni tó máa pààlà sí i.”

Irú obìnrin tí Mùsíè Kómlà, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Kómlà, wá bá nìyẹn. Láti Atakpamé ni wọ́n ti rán an wá pé kó jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú wa. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, tín-ínrín, awò lójú, ó gun alùpùpù mòbílẹ́tì wá, ó sì so àpótí onípátákó kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó pọn ọmọ. Káàdì páálí ló kún inú rẹ̀, tí ihò yí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ó ní Lomé ni wọ́n ti kọ́ òun bí a ti ń ṣe é, àti pé òun fúnra òun ló gé gbogbo rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àìsàn kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún àmì kan tí ojú lè rí: èyí ni ibà, ìyẹn ni èébì, èyí tó tẹ̀lé e ni kí ara máa gbọ̀n. Bí àìsàn kan bá ní àmì náà, Kómlà á fi sísọ́ọ̀sì gé ihò rẹ̀ já dé etí káàdì. Tí aláìsàn bá dé, kò ní bèèrè orúkọ àìsàn, ohun tó bá rí ló máa bèèrè. Á kó gbogbo káàdì pọ̀, á ki abẹ́rẹ́ ìhunṣọ gígùn sínú ihò àmì tó rí, á gbé e sókè, á gbọ̀n ọ́n. Káàdì tí ihò rẹ̀ já á bọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù á máa fì lórí abẹ́rẹ́. Á kó àwọn tó bọ́, á ki abẹ́rẹ́ sí àmì kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn á sì sọ orúkọ àìsàn àti ìtọ́jú rẹ̀ fún un.

Màmá dúró, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n ń wò ó.

“Mùsíè, ṣé gàrí lò ń jọ̀ ni?”

Ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá gbé ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti há wá, Màmá á ti pe orúkọ tetanọ́ọ̀sì, wọ́n á ti wà lójú-ewé rẹ̀, wọ́n á ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, Kómlà á ṣì máa gbọn káàdì. Màmá á rẹ́rìn-ín débi tí aláìsàn á fi bínú. Mo gbè sẹ́yìn Màmá. Tí o bá mọ orúkọ, kò sí ohun tó yá bí atọ́ka.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí wọ́n mú ọkùnrin kan wá tí awọ ọrùn rẹ̀ ń bó, tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe é, tí orí rẹ̀ sì ti ń dàrú. Màmá wá a sí àrùn awọ, wọ́n wá a sí inú rírun, wọ́n wá a sí wèrè. Wọn kò rí i. Kómlà ki abẹ́rẹ́ sí ihò mẹ́ta, káàdì kan bọ́. Oúnjẹ ni kò tó, àgbàdo nìkan ni ọkùnrin náà ń jẹ. Inú Kómlà dùn jù. Ìwà ọmọdé ló mú un sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo aláìsàn tó tò sórí ìlà.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni atọ́ka yín lè fi hàn yín.”

Màmá gbá a. Ó fi ẹnu sọ kọ́bọ́ọ̀dù, ètè rẹ̀ là, awò rẹ̀ fọ́. Màmá gbé àpótí náà sókè, wọ́n là á mọ́lẹ̀, káàdì fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ dé ibi tí adìyẹ ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣà á. Kómlà sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

“Ẹ fọ́n ọn bó ṣe wù yín, Màmá. Káàdì mi kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí a bá kó o jọ láìtò ó, á ṣì dá mi lóhùn.”

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dun Màmá nìyẹn. Ẹyọ káàdì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n mú un, wọn kò kà á, wọ́n ká a po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tó kúrú. Wọ́n fi ìdí ti bẹ́ǹṣì náà wò. Kò mì mọ́.

“Ẹ̀yin náà wò ó,” ni wọ́n wí. “Ọ̀kan nínú wọn ti rí iṣẹ́ ṣe.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kómlà pàápàá rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń nu ẹ̀jẹ̀.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ olówùú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òwú mọ̀ pé kòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀, oògùn kòkòrò la sì ń fọ́n sí i láti inú agolo ńlá tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn. Agolo bàbá mi ti sán nísàlẹ̀. Kó má baà máa ha wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ká aṣọ tó nípọn kan sí ẹ̀yìn, wọ́n gbé agolo lé e. Láti òwúrọ̀ ni agolo ti ń jò sí aṣọ náà, aṣọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn lára. Kí oòrùn tó kan àtàrí, bàbá mi ṣubú láàárín ebè.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbé ẹni tó bá ṣubú lóko wálé láìdaṣọ bò ó. Aṣọ tó mú lọ sóko gan-an la fi ń wé e, kí ẹ̀mí rẹ̀ tó ti ṣáko lè rí ohun tó mọ̀, kó padà sára. Ìyá mi fi aṣọ ẹ̀yìn náà wé bàbá mi láti ọrùn dé orúnkún, ó sì wé e dáadáa, torí ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin la gbé wọn wá. A tẹ́ wọn sórí bẹ́ǹṣì.

Itọ́ ń dà lẹ́nu bàbá mi bí omi ọ̀gbàrá. Òógùn bò wọ́n. Ọmọlójú wọn ti sún kì títí ó fi kù bí orí abẹ́rẹ́. Ẹran ara wọn ń fò lábẹ́ awọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé nǹkan ń sáré kiri níbẹ̀. Màmá yẹ ẹsẹ̀ wọn wò, kò sí ibi tí ejò ti bù wọ́n. Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí wọn, kò sí ibà. Wọ́n bi wá ní ohun tí bàbá mi jẹ, tí wọ́n mu. Kò sí nǹkan kan àfi ẹ̀kọ àárọ̀.

Màmá ṣí ìwé láti ẹ̀yìn. Wárápá. Wọ́n ṣí i, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà tó wọ orí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ejò. Gìrì. Ìka wọn ń lọ sókè sódò lórí atọ́ka. Mo gbọ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti A, bí wọ́n ṣe ń ka àdúrà wọn.

Kómlà ti gbé àpótí rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó rántí ìjà mọ́. Ó ki abẹ́rẹ́ sí ihò itọ́, ó gbọ̀n ọ́n, káàdì díẹ̀ bọ́. Ó ki abẹ́rẹ́ sí ihò ọmọlójú kékeré, káàdì méjì ló kù. Ó ki abẹ́rẹ́ sí ihò ìgbọ̀n, ó gbé e sókè. Ọ̀kankan kò bọ́.

“Gbọ̀n ọ́n, Mùsíè!”

Ó gbọ̀n ọ́n. “Kò sí nínú àpótí, Màmá.”

“Mo ní kí o gbọ̀n ọ́n!”

Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ibi kan náà ló dé. Gìrì ti mú bàbá mi nígbà náà. Wọ́n gé ahọ́n ara wọn jẹ. Gìgísẹ̀ wọn ń lu ògiri débi pé ẹfun rẹ̀ ń ya bọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì wọ́n mú, bàbá mi ta ọ̀kan nípàá, eyín rẹ̀ yọ. Màmá fún bàbá mi ní abẹ́rẹ́ gìrì, torí ó kéré tán, wọ́n mọ orúkọ ìyẹn. Wọ́n rí òógùn náà, wọ́n ní, “Òtútù ń mú un,” wọ́n sì fa aṣọ oko náà mọ́ bàbá mi lára pinpin.

Itọ́ ara wọn ni bàbá mi rì sínú rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí wọ́n ti ń jà tó, bẹ́ǹṣì náà kò mì rárá.

Ìgbà tí èémí wọn ń lọ ni Màmá gbá wọn lójú, lọ́tùn-ún, lósì, kíkan kíkan, àwọn ènìyàn ń ké, wọ́n ń fa Màmá sẹ́yìn. Ìgbájú yẹn ni Àkàkpó rí láti ojú fèrèsé. Òun ló gbé káàkiri títí di òní. Ó rí ọwọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí Màmá ń wí.

“Yáwò, sọ orúkọ rẹ̀ fún mi!” ni wọ́n ń wí. “Sọ orúkọ rẹ̀!”

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Kómlà lọ fọ ilé ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ti gbẹ mọ́ ilẹ̀. A gbé bẹ́ǹṣì kúrò kí omi lè dé abẹ́ rẹ̀. Kómlà rí páálí tó ká po náà, tí gbogbo wa ti gbàgbé, ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tú u. Mo rí i tó jókòó sínú omi ẹlẹ́gbin bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ ki káàdì náà sí àpò. Ṣùgbọ́n Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ọ̀fọ̀.

“Kà á,” ni wọ́n wí.

Kómlà kà á. Májèlé oògùn kòkòrò. Ihò itọ́ já, ihò ọmọlójú kékeré já, ihò ìgbọ̀n já. Bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ kíákíá, torí awọ ara ni májèlé ń gbà wọlé. Fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Fún un ní abẹ́rẹ́ atiropíìnì, tún fún un, títí itọ́ yóò fi gbẹ.

“Tún un kà.”

Ó tún un kà. Màmá lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú páálí atiropíìnì jáde. A kò tíì ṣí i rí. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ṣí ìwé láti ẹ̀yìn, wọ́n wá oògùn kòkòrò. Ó wà níbẹ̀. Ìka wọn ti kọjá lórí orúkọ náà lọ́jọ́ náà, ó sì ti kọjá lórí rẹ̀ láràárọ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Wọn kò mọ̀ pé orúkọ ohun tó ń pa ọmọ wọn ni. Wọ́n pa ìwé dé.

“Gbá mi, Mùsíè.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ní kí o gbá mi. Ọwọ́ tí mo fi gbá ọ ni mo fi ká a po.”

“Mi ò lè gbá yín. Èmi náà jẹ̀bi. Bí ojú-ewé kan bá ya nínú ìwé yín, ẹ máa rí ojú ibi tó ti ya. Àpótí tèmi kò lè sọ fún mi pé ọ̀kan kò sí. Mo gbọ̀n ọ́n, mo sì rò pé ohun tí kò bọ́ kò sí láyé.”

Màmá gbá a nítorí pé ó kọ̀ láti gbá wọn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó mì, torí kò sí nǹkan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

“Èyí tí mo kán yìí,” ni wọ́n wí, “mi ò mọ ojú-ewé rẹ̀.”

Ohun tí Màmá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ayé fi rántí wọn. Wọ́n mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n gé atọ́ka kúrò nínú ìwé àwọn másẹ̀ẹ̀. Ìwé tí a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tútù kàn! Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí gbogbo ẹni tó bá lè kàwé máa rí i. Lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà, àwọn àti Kómlà ń fi ọ̀dà dúdú kọ atọ́ka mìíràn, ní èdè Ifẹ̀ tiwa àti ní Faransé. Èyí kò tẹ̀lé orúkọ. Ohun tí ojú lè rí ló tẹ̀lé: ẹni tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há, ẹni tí awọ ọrùn rẹ̀ ń bó. Iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà ojú-ewé sí. Kómlà á mú káàdì, á ka àmì, Màmá á wá ojú-ewé, wọ́n á jà, Màmá á ju gọ́ọ̀mù lù ú, wọ́n á kọ ọ́. Kómlà kọ nọ́ńbà sára káàdì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ka adìyẹ wọlé.

Ìlà àkọ́kọ́ lórí ògiri náà, Màmá fúnra wọn ló kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju tàwọn tó kù lọ: Kọ́kọ́ bọ́ aṣọ rẹ̀.

Àkàkpó kò jẹ́ sọ èyí fún yín, nítorí náà èmi á sọ ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣubú lóko òwú. Ó gbé e wá, ó fi aṣọ oko wé e gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ó dì í mọ́ra. Màmá rí itọ́. Wọn kò wo ìwé, wọn kò wo àpótí. Wọ́n bẹ́ mọ́ ọmọ náà, wọ́n fi eyín fa aṣọ náà ya lára rẹ̀.

“Màmá, ìhòòhò ọmọ mi!” ni Àkàkpó ń ké. “Ojú ọkùnrin wà níbí!”

Ó na ọwọ́ láti fi aṣọ náà bò ó padà. Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un ní imú, ó ṣubú sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ bò ó láyà. Kómlà ti ń fa atiropíìnì, èmi ń da omi, ìyá mi ń fi ọṣẹ fọ ọmọ náà bí ẹni fọ ìkòkò, ó ń sunkún, kò sinmi. Ọmọ náà yè. Ó ti lọ́kọ báyìí ní Datcha.

Lọ́jọ́ tí Àkàkpó wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí n já irọ́ rẹ̀ lójú ọjà, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kó yé pè wọ́n ní apànìyàn.

“Fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Kò purọ́. Ojú-ewé ló ṣì.”

Nígbà tí àìsàn ikú dé sí Màmá, wọn kò jẹ́ kí a gbé wọn lọ sí Atakpamé. Wọ́n ní àwọn mọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ogbó ni, kò sì sí ojú-ewé rẹ̀. Ọyẹ́ mú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní, mo da aṣọ bo èjìká. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ojú mi jọ ti bàbá mi. Kómlà, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lábẹ́ abíyá, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Màmá lajú, wọ́n wò mí. Ọwọ́ tó kán apá Àkàkpó, ọwọ́ tó la ètè Kómlà, ọwọ́ tó gbá mi létí nítorí ìwé, gbéra sókè díẹ̀ díẹ̀. Ó ti di egungun. Ó di etí aṣọ mi mú.

“Yáwò,” ni wọ́n wí. “Bọ́ ọ. Bọ́ aṣọ yẹn.”

Mi ò sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni Yáwò. Mo bọ́ aṣọ náà kúrò léjìká, mo bọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo jù ú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ bà mí lára. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé àyà mi, wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n ń tẹ́tí. Wọ́n wá ojú Kómlà títí wọ́n fi rí i.

“Mùsíè, wá wò ó. Ó ń mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá,” ni Kómlà dáhùn. “Ó ń mí.”